Nọ́ńbà Méjì Lórí Omi Bodo

Iṣẹ́ ẹja pípa ni wọ́n fi mọ Bodo. Ìlú náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gokana, nílẹ̀ Ogoni, ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Abẹ́ omi àti ẹrẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pá epo tí wọ́n ń pè ní Trans-Niger gbà kọjá lọ sí èbúté Bonny. Ní ọdún 2008, ọ̀pá yìí bẹ́. Àwọn ará ìlú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ni epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í tú sómi. Shell, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀pá náà nígbà náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni. Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó dá a dúró. Kó tó dìgbà náà, epo ti bo ojú omi, ó ti wọ inú ẹrẹ̀ tí ìṣáwùrú àti akàn ń gbé, ó sì ti pa àwọn igi etí omi tí ẹja ń sá pamọ́ sí abẹ́ gbòǹgbò wọn.

Bí epo bá dà báyìí ní Niger Delta, ìwé kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ. JIV ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo, àwọn aṣojú ìjọba àti àwọn aṣojú ìlú á jọ lọ wo ojú ibẹ̀, wọ́n á kọ ohun tó mú ọ̀pá bẹ́, wọ́n á sì kọ iye epo tó dà. Iye yìí ṣe kókó gan-an bí ọ̀rọ̀ bá dórí owó gbà-má-bínú. Ìwé JIV ti Bodo sọ pé àgbá 1,640 ló dà lápapọ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, Amnesty International àti CEHRD, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, gbé nọ́ńbà mìíràn síta. Wọ́n ti gbé fídíò tí wọ́n yà níbi tí epo ti ń tú jáde fún Accufacts, àwọn onímọ̀ nípa ọ̀pá epo ní Amẹ́ríkà. Accufacts wo bí epo ṣe ń ru, ó ṣírò rẹ̀, ó ní ohun tó ń dà lóòjọ́ wà láàárín àgbá 1,440 sí 4,320. Ẹ mú bírò. Bí a bá kà á láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 72 ni epo fi dà. Ẹ fi 72 sọ 1,440 di púpọ̀, ẹ ó rí 103,680. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí 4,320, ẹ ó rí 311,040. Èyí tó kéré nínú méjèèjì ju ti JIV lọ ní ìlọ́po 63. Bí a tilẹ̀ gba ọjọ́ tí Shell mú wá, ọjọ́ 34 péré, 48,960 ni a ó rí, ìyẹn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 30 ti JIV.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí. Ẹ kò dé Bodo, ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni ní Accufacts, síbẹ̀ ẹ ti yẹ apá kan nínú iṣẹ́ wọn wò, ẹ ti yí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ padà, ẹ sì ti rí ohun tí ìyípadà náà ṣe sí ìdáhùn. Ìdí ni pé wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n gbà hàn. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá rò pé wọ́n ṣì í lè wo fídíò kan náà, kó wo bí ihò ṣe fẹ̀ tó àti agbára tí epo fi ń jáde, kó sì bá wọn jiyàn lórí ohun tí gbogbo wa jọ ń fojú rí. Nọ́ńbà tó dá dúró lórí ìwé, tí kò sí ohun tó ṣáájú rẹ̀ tàbí tó tẹ̀ lé e, kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. A ó kàn gbà á tàbí kí a kọ̀ ọ́, bí a bá ṣe fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́ tó. Ní ọdún 2013, Amnesty tún gbé ìjábọ̀ odindi jáde lórí àwọn ìwé JIV, àìfihàn bí wọ́n ṣe ń dé ìdí ohun tí wọ́n kọ sì wà lára àbùkù tó tọ́ka sí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, nínú ìwé ẹjọ́ ní London, Shell gbà pé epo tó dà sí Bodo ju ohun tí òun ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù Kíní ọdún 2015, ó gbà láti san £55 mílíọ̀nù: £35 mílíọ̀nù fún àwọn ènìyàn 15,600, £20 mílíọ̀nù fún ìlú.

Orí yìí dá lórí bí a ṣe lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí láti máa fi ọ̀nà tí nọ́ńbà wọn gbà wá hàn, kí ẹlòmíràn lè tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó sì bá ohun kan náà níbẹ̀. Port Harcourt ni mo fi ṣe ojúkò rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀, iye tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ nípa omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè sọ ẹni tí yóò gba owó, ẹni tí wọn yóò lé kúrò nílẹ̀ rẹ̀ àti ọmọ tí yóò mu omi tó lè pa á. Kí Yorùbá kankan má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Nígbà tí epo bí àgbá 40,000 dà ní Idoho lójú òkun Akwa Ibom ní oṣù Kíní ọdún 1998, omi òkun gbé e dé etíkun Èkó. Ní Barúwà, ní Alimọ́ṣọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onílé fi ń fa omi tó ń rùn bí epo bẹntiróòlù láti inú kànga ara wọn.

Ẹni tó bá rò pé ilé iṣẹ́ epo nìkan ni àìsàn fífi ọ̀nà tí nọ́ńbà gbà wá pamọ́ ń ṣe, kó wo àárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Joseph Simmons, Leif Nelson àti Uri Simonsohn, fi dátà gidi, tí wọn kò yí ẹyọ kan nínú rẹ̀ padà, fi hàn pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ orin The Beatles kan, ọjọ́ orí rẹ̀ á dín ní nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀. Kò sí orin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n wọn oríṣiríṣi nǹkan, wọ́n dán oríṣiríṣi ìṣirò wò, wọ́n sì kọ èyí tó jáde dáadáa nìkan sínú ìwé. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, láìní èrò ibi kankan lọ́kàn.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Lójú ọ̀pọ̀ jọ́nà, èsì tó bá lè ṣèèṣì wáyé ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 20 ti tó gbà. Bí olùwádìí bá wá yẹ ohun 20 wò, tí kò sì sí òótọ́ nínú ìkankan wọn, ó ṣeé ṣe tó ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún pé, ó kéré tán, ọ̀kan á jáde bí ẹni pé òótọ́ ni. Bó bá tẹ ọ̀kan yẹn jáde tó sì dákẹ́ nípa 19 tó kù, kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á ti ṣìnà. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí tí Brian Nosek ṣáájú tún ìwádìí 100 ṣe nínú ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn rí ohun tó dájú. Nígbà tí wọ́n tún wọn ṣe, ìdá 36 ni.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí ni ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan. Ní ọdún 2010, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọrọ̀ ajé méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, kọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ti ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé lórí gbogbo iṣẹ́ àti ọjà rẹ̀ lọ́dún, ọrọ̀ ajé rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn olóṣèlú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà di iṣẹ́ yìí mú nígbà tí wọ́n ń gé owó ìlú kù. Thomas Herndon ń kàwé ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst nígbà náà. Iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ ni pé kó mú ìwé olókìkí kan, kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ó ṣe é títí, kò bá a mu. Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà, wọ́n sì fi fáìlì Excel wọn ránṣẹ́ sí i. Níbẹ̀ ló ti rí i pé ìlà tí wọ́n fi ṣírò kò dé ìsàlẹ̀: orílẹ̀-èdè márùn-ún ti bọ́ sílẹ̀, Australia, Austria, Belgium, Canada àti Denmark. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò fara mọ́ nípa bí wọ́n ṣe yan ọdún àti bí wọ́n ṣe wọn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní 2013, ìdínkù ìdá 0.1 tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ di ìdàgbàsókè ìdá 2.2.

Ohun méjì ló mú èyí ṣeé ṣe. Àwọn àgbà gbà láti fi fáìlì wọn sílẹ̀; bí wọ́n bá kọ̀ ni, Herndon kò ní mọ ibi tí àṣìṣe wà títí dòní. Èkejì, olùkọ́ kan ti sọ títún iṣẹ́ àgbà ṣe di iṣẹ́ kíláàsì. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí Port Harcourt mú, n ó sì padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí irú ẹ̀kọ́ yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ojú gbogbo ará Port Harcourt ti rí. Láti ìparí ọdún 2016 ni eruku dúdú ti ń bọ́ sórí ìlú náà. Aṣọ tí wọ́n bá sá síta á dúdú. Ilẹ̀ yàrá tí wọ́n nù láàárọ̀, bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ á dà bí ti ẹni tó rìn nínú èédú. Àwọn ará ìlú pariwo lábẹ́ àkọlé #StopTheSoot. Ibi tí wọ́n ti ń se epo rọ̀bì láìgbàṣẹ, tí wọ́n ń pè ní kpo fire, wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí, àti gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ ń dáná sun.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Choba, ní Yunifásítì Port Harcourt, fẹ́ mọ̀ bóyá eruku yìí ń mú kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn nítorí ikọ́ àti àìlèmí dáadáa pọ̀ sí i. Ó jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀. Ṣé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni yóò kà, àbí tí kò tíì pé 12? Ṣé ọjọ́ tí eruku pọ̀ gan-an ni yóò wò, àbí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀? Ilé ìwòsàn mélòó? Báwo ni yóò ṣe ya ọ̀rọ̀ ọyẹ́ sọ́tọ̀? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni eruku dúdú máa ń pọ̀ jù, nígbà tí òjò kò wẹ ojú ọ̀run. Ìgbà náà gan-an ni ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá láti àríwá, tó sì ń mú ọmọdé wúkọ́ bákan náà. Ẹni tí kò bá ronú sí i á di ẹ̀bi ọyẹ́ ru kpo fire; ẹlòmíràn á sì fi ọyẹ́ bo kpo fire mọ́lẹ̀. Kò sí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí tí kò bọ́gbọ́n mu. Ewu wà níbi kí ó dúró dìgbà tó ti rí èsì kí ó tó yan ọ̀kan.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ń kọ́ ọ ni kí ó kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé ilé ìwòsàn, kí ó sì fi í síbi tí ọjọ́ tó kọ ọ́ kò ti ṣeé yí padà. OSF, tí Center for Open Science ṣe, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Ní ti àyẹ̀wò oògùn lára ènìyàn, òfin ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọdún 2005 ni àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ńláńlá ti ní àwọn kò ní tẹ èyí tí wọn kò bá kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Áfíríkà sì ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, PACTR, tó wà ní Cape Town. Akẹ́kọ̀ọ́ lè yí ètò padà bí ohun tó bá pàdé bá mú un yí i. Kí ó ṣáà kọ ọ́ pé òun yí i, àti ìdí rẹ̀. Ó tún yẹ kí ó tẹ èsì rẹ̀ jáde bí kò bá rí ohunkóhun, nítorí pé ẹni tí yóò ka gbogbo ìwádìí lórí eruku Port Harcourt lọ́jọ́ iwájú nílò èyí tó rí àti èyí tí kò rí.

Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e wà nínú oko, kì í ṣe níwájú kọ̀ǹpútà, ìwádìí tí UNEP ṣe ní Ogoni sì ni ìwé tí mo lè fi kọ́ ọ jù. Ìjọba àpapọ̀ ló bẹ UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí àyíká, níṣẹ́. Oṣù 14 ni wọ́n fi wà ní pápá, àwọn ènìyàn láti Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Rivers, tí a mọ̀ sí Rivers State University lónìí, sì bá wọn ṣe é. Wọ́n yẹ ibi tó lé ní 200 wò, wọ́n rin kìlómítà 122 lórí ọ̀nà ọ̀pá epo, wọ́n gbẹ́ kànga àyẹ̀wò 142, wọ́n lu ihò 780 sínú ilẹ̀, wọ́n ka ìwé ìtọ́jú aláìsàn tó lé ní 5,000, wọ́n sì gba àpẹẹrẹ omi, ilẹ̀ àti nǹkan mìíràn tó lé ní 4,000. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni ìjábọ̀ wọn jáde. Ní Nisisioken Ogale, ní Eleme, wọ́n bá benzene nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 900. Benzene ń fa jẹjẹrẹ. Ní ibi kan nítòsí rẹ̀, epo tí wọ́n ti sè léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní ìnípọn sẹ̀ǹtímítà 8.

Owó Shell ni wọ́n fi ṣe ìwádìí yìí, lábẹ́ òfin pé ẹni tó bá ba ilẹ̀ jẹ́ ni yóò sanwó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ogoni ló fura sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀ ìwé yìí kan náà ni àwọn ará Ogale ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ Shell lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ sì dájọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2021 pé wọ́n lè tẹ̀ síwájú. Ọwọ́ tó sanwó kò ba iṣẹ́ náà jẹ́, nítorí pé ibi tí wọ́n ti gba àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe gbà á àti ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ wà lójútáyé.

Ẹ wo ohun tó wà nínú àpẹẹrẹ omi kan ṣoṣo. Benzene a máa fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rọ omi kànga sínú ìgò tó fi àyè sílẹ̀ lókè, tó gbé e sínú bùtù mọ́tò lójú oòrùn ọ̀sán, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì dá a dúró ní Eleme, ohun tí yàrá àyẹ̀wò yóò bá níbẹ̀ á kéré gan-an sí ohun tí àwọn ènìyàn ń mu. Kò ní sí ẹni tó purọ́, wọ́n á sì sọ fún abúlé kan pé kí wọ́n máa mu omi wọn lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń kún ìgò dé ẹnu, tí a ń fi í sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀, tí a sì ń kọ aago, ibi tí GPS tọ́ka sí, ẹni tó gbà á àti gbogbo ẹni tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá títí ó fi dé yàrá àyẹ̀wò. Ìwé tí wọ́n kọ yìí jẹ́ apá kan nínú dátà. Bó bá sọnù, àpẹẹrẹ ti sọnù nìyẹn, bí èsì tilẹ̀ wà.

Nígbà tí èsì bá wá dé, ìpinnu kan tún wà tí kì í sábà hàn nínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí mo kàn dá sọ ọ́. Kànga 10 ni a yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kò lè rí ohun tó bá kéré sí máíkírógíráàmù 1 nínú lítà omi kan, mẹ́fà nínú kànga náà sì bọ́ sísàlẹ̀ ìyẹn. Mẹ́rin tó kù jẹ́ 2, 4, 6 àti 8. Bí mo bá fi òdo sí mẹ́fà yẹn, ìwọ̀n àárín jẹ́ 2. Bí mo bá fi ìdajì máíkírógíráàmù sí wọn, ó jẹ́ 2.3. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo, tí Excel sì fò wọ́n, ó jẹ́ 5. Kànga kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ìdáhùn mẹ́ta. Òǹkàwé tí kò bá mọ èyí tí mo ṣe kò lè mọ ohun tí mo sọ. Torí náà, fáìlì tó ti yàrá àyẹ̀wò wá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ ni a ó máa fi ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó ṣàlàyé àkọlé gbogbo òpó. Gbogbo ohun tí a bá sì ṣe sí ẹ̀dà náà, a ó fi kóòdù kọ ọ́. R, èdè kọ̀ǹpútà tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman dá sílẹ̀ ní Auckland, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a bá ti gbé e wọlé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ Excel níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, òun fúnra rẹ̀ kò ní rántí ohun tó ṣe. Ẹni tó kọ kóòdù lè tún un ṣe níwájú ilé ẹjọ́.

Ìṣòro wà o. Iná tó ń lọ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, owó dátà íntánẹ́ẹ̀tì, jọ́nà tó ń béèrè dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó ń gba náírà: gbogbo olùkọ́ yunifásítì wa ló mọ ìwọ̀nyí, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. AfricArXiv, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, fún wa ní ibi tí a lè gbé iṣẹ́ sí láìsanwó. Èyí tó le ju gbogbo wọn lọ ni ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ń ka iye ìwé tí olùkọ́ tẹ̀ jáde, tí kì í béèrè bóyá dátà rẹ̀ wà níbì kan, ti sọ ohun tó fẹ́. Títí wọn yóò fi fún dátà tí ẹlòmíràn ti lò ní ipò tirẹ̀, àwọn tí a bá kọ́ yóò máa padà sí ìwà àtijọ́ kí wọ́n lè jẹun. Bákan náà ni ìbẹ̀rù olè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọdún mẹ́ta kó dátà jọ nínú ẹrẹ̀ ń bẹ̀rù pé yàrá àyẹ̀wò olówó kan ní òkè òkun á gbà á, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde ṣáájú òun. Ìbẹ̀rù yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan fi ṣẹ̀sín. Kí a kọ́ ọ bó ṣe lè fi ọjọ́ sí dátà rẹ̀, kó tì í pa fún ìgbà díẹ̀, kó sì gba nọ́ńbà DOI tí a fi ń tọ́ka sí dátà náà, kí ẹni tó bá lò ó lè dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Nílé wa, ta ni yóò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ rí dátà yín"? Ọ̀pọ̀ á gbà á sí àfojúdi, ọmọ náà á sì san án lọ́jọ́ ìdánwò. Mi ò rò pé ó yẹ kí a máa bá ọ̀wọ̀ jà. Ohun tí olùkọ́ Herndon ṣe ni ọ̀nà tó dára: kí títún iṣẹ́ ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo kíláàsì gbọ́dọ̀ ṣe, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí i bí ẹ̀sùn. Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ìwádìí ìlera àti ìdílé NDHS ti ọdún 2018, tó fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin 41,821 lẹ́nu wò káàkiri Nàìjíríà, wà fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti lò ó, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tábìlì inú ìjábọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba dátà, kí ó gbìyànjú láti dé iye tó wà nínú tábìlì fún Ìpínlẹ̀ Rivers. Bí kò bá dé ibẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n ìdíwọ̀n, tí a fi ń mú kí ohùn ìlú kékeré má ju ti ìlú ńlá lọ, láìsí olùkọ́ kankan tó gbọ́dọ̀ bínú.

Fífi ọ̀nà hàn kò túmọ̀ sí fífi aláìsàn hàn. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ìṣọ́ra gidi, ìyọkúrò orúkọ nìkan kò sì tó. Nínú abúlé kékeré kan ní Gokana, bí a bá kọ ọ́ pé obìnrin ẹni ọdún 43, ọlọ́mọ mẹ́fà, ní irú jẹjẹrẹ kan, gbogbo abúlé ti mọ̀ ọ́n. A lè fi ìpín ọjọ́ orí rọ́pò ọjọ́ orí, a lè fi ìjọba ìbílẹ̀ rọ́pò abúlé, a lè fi kóòdù sílẹ̀ kí dátà fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí yóò fún ẹni tó bá tọ́. Ẹni tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ èyí lédè rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ ṣí iṣẹ́ ìmọ́tótó ilẹ̀ Ogoni ní Bodo, igbákejì ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò sì wà níbẹ̀. UNEP ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó lè gba ọdún 25 sí 30. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tí yóò sọ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ kò tíì wọ yunifásítì, àwọn mìíràn ò sì tíì wá sáyé. Bí wọ́n bá dé, ohun tí wọ́n máa nílò lọ́wọ́ wa ni ibi gan-an tí a ti lu ihò, bí ihò náà ṣe jìn tó, irú ìgò, irú ẹ̀rọ, ohun tí a ṣe sí kànga tí ẹ̀rọ kò rí nǹkan nínú rẹ̀, àti fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Bí nọ́ńbà tiwọn bá kéré sí ti 2011, wọ́n á lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló mọ́ tàbí ọ̀nà tí a gbà wọ̀n ọ́n ló yí padà.